Kí Owó Tó Kan Ọ̀dà

Àwọn àfẹ́sọ́nà méjì ni ọ̀rọ̀ mi kàn lónìí, àwọn tí ẹbí ti mọra, tí wọ́n ti mú ọjọ́ ìdána, tí wọ́n sì ti rí ilé tí wọn yóò kó wọ̀. Ilé náà kì í ṣe tuntun. Ó lè jẹ́ ilé ilẹ̀ tí bàbá ọkọ kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo láyé ìgbà tí wọn kò tíì bí ọmọ náà, ó sì lè jẹ́ yàrá méjì àti pálọ̀ nínú ilé ẹbí ní Abẹ́òkúta. Owó oṣù àti owó àjọ ni wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ, gbọ̀ngàn àti oúnjẹ àlejò ń retí owó kan náà. Nírú ipò yìí, ọ̀dà, táìlì àti POP ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ná owó lé, nítorí òun ni ojú ń rí. Èmi ń sọ pé ibẹ̀ gan-an ni owó ilé ti ń ṣòfò. Omi ló ń ba ilé wa jẹ́ ju ohunkóhun lọ, nítorí náà ibi tí omi ń gbà wọlé ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ owó, kí wáyà iná tẹ̀ lé e, kí ọ̀dà sì gbẹ̀yìn, bí ọjọ́ ìgbéyàwó tilẹ̀ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

Òkè ni òjò ti ń wá, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ti òkè bẹ̀rẹ̀. Páànù tó ti pẹ́ lórí ilé sábà máa ń kọ́kọ́ jò ní ẹsẹ̀ ìṣó. Oòrùn ọ̀sán ń mú páànù nà díẹ̀, òtútù òru ń mú un sún kì, ìyẹn sì ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́ títí ihò ìṣó á fi fẹ̀, tí etí rẹ̀ á sì dógùn-ún. Omi tó bá gba ihò bẹ́ẹ̀ kọjá kì í já sílẹ̀ lójú kan náà. Igi òrùlé ló ń tọ̀, ó sì lè rìn dé yàrá kejì kó tó kán sórí àjà. Ìdí nìyí tí àbàwọ́n pupa tí a rí lára àjà fi ń tan wa jẹ: ojú ibẹ̀ kọ́ ni páànù ti lu. Ẹni tó bá ní kí àkunlé fi ọ̀dà funfun bo àbàwọ́n náà ti san owó ohun tí òjò yóò mú padà. Àyẹ̀wò òrùlé kò sì wọ́n. Ní ọ̀sán gangan, kí kápẹ́ńtà gba ojú àjà gòkè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó pa tọ́ọ̀ṣì náà, kó sì wò yíká. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, omi á yọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó tan iná, kó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún igi tó sùn sórí ògiri. Bí ọ̀bẹ bá wọlé láìsí wàhálà, ikán tàbí ìjẹrà ti wà nínú rẹ̀. Igi yìí ló so òrùlé mọ́ ògiri. Etí òrùlé ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ń kì mọ́lẹ̀ kó tó ṣí i, bí igi ibẹ̀ bá sì ti jẹrà, páànù tuntun tí a kàn mọ́ ọn yóò bá a lọ.

Ohun kan wà tó ń mú ọ̀rọ̀ yìí le sí i lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó bọ́ sí oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àfẹ́sọ́nà ń tún ilé ṣe, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kun ún, nígbà náà kò sí ilé tó ń jò, kò sí ògiri tó ń lami. Ní oṣù kẹrin tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, owó ti tán, ẹrù ti kún inú ilé, ìyàwó sì lè ti lóyún. Ẹ̀ẹ̀rùn dára fún iṣẹ́ òrùlé, èyí tí a kò lè ṣe nínú òjò, àmọ́ kò dára fún ìdájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ilé tó fẹ́ kó wọ̀, kó lọ wò ó nígbà òjò, tàbí kó bi àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ léèrè bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń rí ní oṣù keje àti oṣù kẹsàn-án. Kó tún béèrè ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá. Àwọn ará Ìbàdàn kò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi tún padà gbẹ̀mí ju 100 ènìyàn lọ ní ìlú kan náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ilé tó bá wà lójú ọ̀nà odò, kò sí àtúnṣe inú ilé tó lè gbà á. Kí wọ́n wá ilé mìíràn ló dára jù.

Omi kejì ń ti ìsàlẹ̀ wá, òun ni àwọn ènìyàn kò sì tètè ń fura sí. Bílọ́ọ̀kì àti amọ̀ ní àwọn ihò tí ojú kò lè rí, omi inú ilẹ̀ sì ń gba inú wọn gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá dé ojú ògiri, afẹ́fẹ́ á gba omi náà, iyọ̀ tó bá a gòkè á sì ṣẹ́kù. Iyọ̀ yìí ń dì lẹ́yìn ọ̀dà, ó ń ti ọ̀dà síta, òun ló sì ń fa ìlà ọ̀dà híhó tí a ń rí ní ìwọ̀n orúnkún yíká yàrá, pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun tó ń bọ́ sílẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Ohun tí a sábà ń ṣe sí i ni pé kí a ha á, kí a fi sìkírídìn bò ó, kí a sì fi ọ̀dà olóròóró kùn ún kó lè dán. Ọ̀dà olóròóró kì í jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde, omi náà á wá tún gòkè sí i, kó lè yọ lókè ibi tí a kùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rinrin ti ń wá, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara níwọ̀n ojú ewé ìwé ìròyìn kan, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí omi bá hàn lẹ́yìn ọ̀rá, níhà ògiri, inú ògiri ló ti wá. Bó bá jẹ́ iwájú rẹ̀, níhà yàrá, ló tutù, èémí àti ooru inú ilé ló fà á, fèrèsé ni ẹ ó ṣí. Owó ọ̀rá yìí kò tó nǹkan, síbẹ̀ ó lè gbà yín lọ́wọ́ ọ̀dà garawa mélòó kan.

Bó bá jẹ́ inú ògiri ni omi wà, kí ẹ tó pe bíríkìlà wọlé, ẹ jáde síta ná. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ìgbàkígbà tí wọ́n bá da ilẹ̀ pupa sí títì láti tún un ṣe ni títì ń ga sí i, títí ilẹ̀ ìta á fi ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Àgbàrá á wá máa dúró sí ẹsẹ̀ ògiri. Àtúnṣe tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣọ́bìrì gé ilẹ̀ náà wálẹ̀, kí ilẹ̀ dà sí ìta, kí wọ́n la gọ́tà kékeré yíká, kí omi òrùlé má sì máa já sí ẹsẹ̀ ògiri. Òógùn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ilé alámọ̀ ní tirẹ̀ tún fẹ́ àkíyèsí, nítorí inú ìgboro àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹbí wa wà. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ògiri amọ̀ ń mí, wọ́n fún un ní òrùlé tó yọ síta dáadáa. Lónìí, a ń fi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ amọ̀ kó lè jọ ilé bílọ́ọ̀kì. Amọ̀ ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn, sìmẹ́ńtì kò sì lè bá a ṣe é. Ó ń là, omi ń gba ojú ìlà náà wọlé, kò rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì á rọ̀ títí ìrẹ́lé náà á fi wó lódidi. Ohun tó bá ògiri bẹ́ẹ̀ mu ni kí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ, tàbí amọ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì fi ẹfun tàbí ọ̀dà olómi tó fúyẹ́ kùn ún.

Lórí sìmẹ́ńtì náà, ẹ wo nọ́ńbà ara àpò kí ẹ tó sanwó. Àjọ SON tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà là á kalẹ̀ lọ́dún 2014 pé ìrẹ́lé nìkan ni sìmẹ́ńtì 32.5 wà fún, kí 42.5 wà fún bílọ́ọ̀kì àti òpó. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ra ohun tó le jù fún iṣẹ́ kékeré, kò sì ní fi ohun tó rọ̀ gbé òpó ró.

Iná ló kàn. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́ ní wáyà tí wọ́n fà fún gílóòbù, fáànù àti rédíò. Ìdílé tuntun yóò kó fíríìjì, áyọ̀ọ̀nù, ẹ̀rọ ìfami àti bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wọ inú rẹ̀. Wáyà tó kéré ju ẹrù tí a gbé lé e á gbóná nínú ògiri, ike ara rẹ̀ á gbẹ, á máa fọ́, iná á sì lè ṣẹ́ yọ ní òru. Wáyà 1.5 ni wọ́n sábà ń lò fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù. Mo mẹ́nu kan iná nínú ọ̀rọ̀ omi nítorí pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ba owó jẹ́. Inú ògiri ni wáyà ń gbà, inú ògiri náà ni páìpù omi ń gbà. Ẹni tó bá kun ilé kó tó fa wáyà yóò fọ́ ògiri, yóò tún un rẹ́, yóò sì tún un kùn, owó ọ̀dà rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni táìlì ilé ìwẹ̀: kí páìpù tó jò tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó ṣeé tún ṣe, a ó fọ́ táìlì. Bí kànga bá sì wà nínú ọgbà, kí wọ́n wọn bó ṣe jìnnà tó sí sọ́kàwéè. Ìmọ̀ràn tí a sábà ń gbọ́ ni pé kí ó tó 30 mítà, nítorí onígbáméjì àti tàífọ́ọ̀dù kì í béèrè bí ilé ṣe lẹ́wà tó.

Àwọn kan yóò ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó wọlé ná, díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe é.” Ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n dání fún kọ́bọ́ọ̀dù, fún kọ́tìnì, fún POP, àní fún táìlì pálọ̀ pẹ̀lú. Kò mọ́gbọ́n dání fún òrùlé, ògiri tó lami, àti wáyà, nítorí ìwọ̀nyí ń da ilé rú, wọ́n sì ń tu eruku tó lè pa ọmọ lára. Ilé tó ti pẹ́ sábà máa ń ní asbestos lórí òrùlé tàbí ní àjà. Bó bá wà ní pípé, kò ní wàhálà púpọ̀. Bí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ, tí a fọ́ ọ, tàbí tí a gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo ẹ̀yà asbestos ló lè fa jẹjẹrẹ, ó sì lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yọ ọ́ ní odindi, kí ó rin ín lómi kó tó fọwọ́ kàn án, kí ilé sì ṣófo. Àjọ yìí kan náà tẹ ìwé ìlànà jáde lọ́dún 2009 tó so ọ̀rinrin àti ògiri tó bu pọ̀ mọ́ ikọ́ àti ikọ́ fée. Oṣù díẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń sùn nínú ilé náà, ni àǹfààní tó dára jù láti ṣe iṣẹ́ eléruku. Lẹ́yìn náà kò ní rọrùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àna. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, wọ́n ṣì ń sin ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, wọ́n á bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé. Àwọn tó sìn ín wá yóò gbójú sókè wo ilé tí ọmọ wọn fẹ́ gbé. Kò sí òbí tí kò ní fẹ́ kí ibẹ̀ fani mọ́ra, ọmọkùnrin tí ilé rẹ̀ rí játijàti yóò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí. Mi ò fojú kéré ìtìjú yìí. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó yàtọ̀ sí olówó gọbọi. Ilé tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n gé koríko rẹ̀, tí wọ́n fi ẹfun kùn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, tí ó sì ń pa dé, yóò gba àlejò tayọ̀tayọ̀. Ẹfun kò wọ́n, kò sì dí ògiri mú, bí wọ́n bá rí owó lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n lè kun ọ̀dà gidi sórí ògiri tó ti gbẹ. Mo sì gbàgbọ́ pé ìyá ìyàwó tó ti gbé ilé jíjò rí, tó ti fi garawa gba omi lóru tí ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò mọyì òrùlé tó dá ṣáká ju ọ̀dà aláràbarà lọ bí wọ́n bá fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún un. Kí wọ́n ṣàlàyé náà ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó má di ohun tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn wọn.

Ẹlòmíràn á ní owó ọ̀dà ni ọwọ́ àwọn ọmọ yìí tó, pé owó òrùlé kọjá agbára wọn. Òótọ́ ni pé òrùlé wọ́n. Nítorí náà, kí wọ́n dín fífẹ̀ iṣẹ́ náà kù, kí wọ́n má dín jíjinlẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹni méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò yàrá mẹ́rin. Kí wọ́n tún òrùlé tó bo gbogbo ilé ṣe, kí wọ́n wá mú yàrá kan, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, kí wọ́n parí wọn láti ìdí dé òkè, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yàrá yòókù pa. Kí wọ́n sì yàgò fún ìfẹ́ láti wó ògiri kan kí pálọ̀ lè fẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ ògiri tó gbé ilé ró, pàápàá nínú ilé tó ti gbó. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta-Fáàjì ní Èkó, ilé ìwé sì wà lókè rẹ̀. Nǹkan bí 20 ènìyàn ló kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ilé náà wà lára àwọn tí ìjọba ti sàmì sí pé kí wọ́n wó. Ilé tó bá ní ìlà títóbi tó dà wọ́ọ́rọ́ lára ògiri, ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kó kọ́kọ́ wò ó. Owó tí wọ́n bá san fún un wà lára owó àtúnṣe, kì í ṣe èlé.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ ohun tí ojú kò rí láti àárọ̀, ọ̀kan kù nínú wọn tí kò sí nínú ògiri rárá: ta ló ni ilé náà? Gẹ́gẹ́ bí òfin àṣà tí kóòtù wa ń tẹ̀ lé, ọmọ ẹbí tó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ilé ẹbí ló ṣì ń jẹ́. Kí wọ́n tó ra páànù kan ṣoṣo, kí mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí ìwé tó sọ yàrá tí wọ́n fún wọn, ọdún tí wọn yóò gbé ibẹ̀, àti bí ẹbí yóò ṣe ka owó wọn sí bí ohunkóhun bá yí padà. Bó bá jẹ́ ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílé, kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó ilé. Láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú, kí wọ́n fi rìsíìtì pamọ́, kí orúkọ ẹni tó sanwó wà lórí rẹ̀. Lọ́dún 1992, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà kọ ẹ̀bẹ̀ obìnrin kan tó ní òun dá sí owó tí ọkọ òun fi kọ́ ilé, nítorí kò lè ṣàlàyé iye tó dá àti bó ṣe dá a. Àwọn kan á ní irú àkọsílẹ̀ yìí ń fi hàn pé ìfẹ́ kò sí. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọbìnrin kan dénú kò ní bínú pé orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì sìmẹ́ńtì tó fi owó oṣù rẹ̀ rà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọkọ àti ọ̀rẹ́ ìyàwó, ìgbà tí wọ́n bá fún yín ní ìwé ìpè, ẹ má tíì lọ ra kúlà àti abọ́ tí yóò wà nínú páálí fún ọdún márùn-ún. Ẹ pè wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ béèrè ibi tí òrùlé dé, páànù mélòó ló kù, wáyà wo ni wọn kò tíì rà, kí ẹ sì kó owó ẹ̀bùn yín jọ rà á fún wọn kí òjò oṣù kẹta tó dé.